Morádéún Kò Gba Abẹ́rẹ́ Láì Bèèrè

Morádéún àbúrò mi kì í gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn láì yí i wò. Tó bá fẹ́ ra gààrí, ìsàlẹ̀ àpò ló máa ń ti ọwọ́ bọ̀, ó ní òkè àpò ni àwọn tó ń tà á máa ń da èyí tó dára sí. Nígbà tí Akínsànyà Kọ̀yà wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá wa lọ́dún 1948, èmi Harriet tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bẹ̀ pé kí n lọ sí Àpápá lọ wò ó bóyá lóòótọ́ ni ọkùnrin náà níṣẹ́ lọ́wọ́. Mo lọ. Mo bá a nínú àgbàlá kan tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, ó funfun láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ṣubú sínú ìyẹ̀fun. Mo padà wá sọ fún Morádéún pé ó níṣẹ́, àmọ́ iṣẹ́ eruku ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní tó bá jẹ́ ti eruku ni, omi àti ọṣẹ wà.

Iṣẹ́ Akínsànyà ni láti máa bo páìpù gbígbóná inú ọkọ̀ kí ooru má baà jáde. Wọ́n á da ìyẹ̀fun asibẹ́sítọ́sì, ìyẹ̀fun òkúta tí iná kì í jó, sílẹ̀ láti inú àpò, wọ́n á fi omi pò ó, wọ́n á rẹ́ ẹ mọ́ páìpù, wọ́n á sì fi aṣọ wé e. Alágbàfọ̀ ni Morádéún ní tirẹ̀, ní Olódì-Àpápá. Aṣọ àwọn ọ̀gá tó ń gbé GRA ló ń fọ̀, aṣọ ìbùsùn, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, aṣọ tábìlì. Tó bá di Sátidé, á wá fọ aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ àti ti ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Gregory, ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ tímọ́tímọ́, wà nínú wọn. Kì í rì wọ́n sómi lẹ́sẹ̀kan náà. Á kọ́kọ́ gbọ̀n wọ́n, á sì máa gbá wọn mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé títí eruku á fi dínkù lára wọn, torí pé bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, omi àkọ́fọ̀ á ki bí ẹ̀kọ. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe é.

Lọ́dún 1975, ọdún tí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì kún ojú omi débi pé téèyàn bá dúró ní etíkun Àpápá kò ní rí ibi tí wọ́n parí sí, Morádéún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mú. Ó ní aṣọ ìbùsùn tí òun fún ló fà á. Nígbà tó yá, kò lè fún aṣọ ìbùsùn kan tán kó má jókòó. Nígbà tó tún yá, tó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, á dá ọ̀rọ̀ dúró láàárín kó lè mí.

Dókítà tí a kọ́kọ́ lọ bá ní Ajégúnlẹ̀ ní ikọ́ ife ni. Oṣù mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi gún un lábẹ́rẹ́ ikọ́ ife. Ó ń gba abẹ́rẹ́, ó ń lo oògùn, àmọ́ kò gbà wọ́n gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, "ikọ́ wo nìyí tí mi ò wúkọ́, tí mi ò tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀? Dókítà yẹn ò mọ ohun tó ń ṣe mí. Ojú ló ń tì í láti sọ ọ́."

Òótọ́ ló sọ. Omi ti ń kún àyà rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì fà á lẹ́ẹ̀kejì, omi náà pupa bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran. Dókítà náà wò ó títí, ó sì kọ̀wé fún wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní òdìkejì omi. A wọ ọkọ̀ fẹ́rì lọ.

Dókítà Diepreye la bá níbẹ̀. Ọmọ Ìjọ̀ ni, àmọ́ Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ, Yorùbá ẹnu rẹ̀ já gaara. Wọ́n gé ẹran kékeré kan lára awọ inú àyà Morádéún láti fi ṣàyẹ̀wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ní ká wá.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, mà?" ó bi í.

"Aṣọ ni mo ń fọ̀."

"Ọkọ yín ńkọ́?"

Morádéún wò mí, ó tún yíjú wo dókítà. "Ọkọ mi ò ṣàìsàn. Kí lẹ fẹ́ fi iṣẹ́ wọn ṣe?"

Dókítà ò bínú. Ó mú bébà, ó ya àwòrán ẹ̀dọ̀fóró sí i, ó wá fa ìlà yí i ká. Ó ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà níbẹ̀ bí awọ ara àlùbọ́sà, inú awọ yẹn ni jẹjẹrẹ ti mú. Ó ní àwọn dókítà òkè òkun ti rí i pé eruku asibẹ́sítọ́sì ló máa ń fà á, àti pé ó lè jókòó sínú àyà fún ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún kó tó fi ara hàn. Ó bi í bóyá ó ti fọ aṣọ ẹni tó ń fi ọwọ́ kan asibẹ́sítọ́sì rí.

Èmi ni mo dáhùn. "Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé."

"A ò ní oògùn tó ń wo àìsàn yìí sàn, mà," ni dókítà wí. "Mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ ìdánwò oògùn kan ń lọ lọ́wọ́. Àwọn dókítà láti ìlú mélòó kan pawọ́ pọ̀ láti mọ̀ bóyá oògùn tuntun kan lè dín agbára ẹ̀ kù. A máa pín àwọn aláìsàn sọ́nà méjì. A máa fa omi kúrò láyà gbogbo wọn, a sì máa fún gbogbo wọn ní oògùn ìrora. Apá kan á tún gba abẹ́rẹ́ oògùn tuntun náà kún un."

"Ta ló máa yan ẹni tó máa gbà á?"

"Kò sẹ́ni tó máa yàn. Inú àpòòwé tí wọ́n ti lẹ̀ pa ló wà. Èmi gan-an ò mọ ohun tó wà nínú tiyín."

"Dókítà tí ò mọ oògùn tó máa fún aláìsàn ẹ̀!" Morádéún dìde, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. "Ṣé ọbẹ̀ ni mí tí ẹ fẹ́ tọ́ wò?"

Nínú ọkọ̀ fẹ́rì nígbà tí à ń padà bọ̀, kò wo omi, kò wo ọkọ̀. Ó kàn ń ka ohun tó ń kọ ọ́ lóminú sí mi létí. Kí ló dé tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọkọ òun ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè? Ta ló ń sanwó oògùn tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni? Ìlú òyìnbó tí wọ́n ti ṣe é ńkọ́, ṣé wọn ò ní aláìsàn tiwọn ni?

Ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀ nílé. Akínsànyà ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí a ròyìn fún un. Ó ti àwo síwájú.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ìyẹ̀fun yẹn wà nímú mi, ó wà lẹ́nu mi. Òyìnbó ọ̀gá wa fi ọwọ́ ara ẹ̀ pò ó níṣojú mi. Báwo ló ṣe máa fo èmi tí mò ń ṣe é dá, tó wá máa lọ mú obìnrin nílé?" Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbí ohun tí wọ́n ń sọ ni pé èmi ni mo gbé ikú wálé fún ọ?"

"Mi ò tíì mọ ohun tí wọ́n ń sọ," Morádéún dá a lóhùn. "Mo máa wádìí."

Ọ̀sẹ̀ kan ni wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ ju ẹ káàárọ̀, ẹ kú alẹ́ lọ. Akínsànyà rò pé wọ́n fẹ́ fi ìyàwó òun kó bá òun níbi iṣẹ́, ọdún mẹ́ta péré ló kù kó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ náà ní èrò tirẹ̀. Ọjọ́ Sátidé tí a jókòó sẹ́yìnkùlé, tí kò sí aṣọ kankan nílẹ̀, ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rò pé Bàbá Túnbọ̀sún mọ̀?"

Mo ní ọkùnrin tó mọ̀ pé nǹkan lè pani kò ní máa fi nǹkan náà gbé ọmọ rẹ̀ Túnbọ̀sún mọ́ra tó bá dé láti ibi iṣẹ́. Ó rò ó. "Òótọ́ ni," ó wí. "Àwọn ọ̀gá wọn ńkọ́?"

Gregory ló la ọ̀nà fún wa láìmọ̀. Ó wá kí Morádéún, ó sì ṣèèṣì sọ pé omi kan náà ló kún àyà Uche, ẹni tí wọ́n jọ ń bo páìpù tẹ́lẹ̀, àti pé ilé ìwòsàn òdìkejì omi yẹn náà ni wọ́n ti fún un ní abẹ́rẹ́ pupa kan tó jẹ́ kí gbogbo irun orí rẹ̀ re. Morádéún jókòó gbọnrangandan.

"Níbo ló wà?"

"Ó ti kú. Ìyàwó ẹ̀ wà ní Ìjọra Bàdíà."

Lọ́jọ́ kejì, a lọ. Ilé pákó ni, ó sún mọ́ ojú irin débi pé nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kọjá, ife tí wọ́n fi gbé omi fún wa ń gbọ̀n lórí àga. Ngozi lorúkọ obìnrin náà, aṣọ dúdú ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Yorùbá tí wọ́n ń sọ ní Bàdíà ló fi dá wa lóhùn.

Morádéún ò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n sọ fún ọkọ yín pé ara ẹ̀ máa yá?"

"Rárá o. Dókítà yẹn ní òun ò mọ̀ bóyá ó máa ṣiṣẹ́. Mo tiẹ̀ bá a jà lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, 'Wetin be dis? Dókítà wo ló máa ń sọ pé òun ò mọ̀?'"

"Abẹ́rẹ́ yẹn ńkọ́, ó ṣe é lóore?"

"Ó ń bì gan-an. Irun ẹ̀ re. Omi àyà ẹ̀ dínkù fún bí oṣù mẹ́rin, ó ń jáde, ó ń ṣeré pẹ̀lú àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà omi yẹn padà dé. Oṣù mẹ́sàn-án ló lò lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Mi ò mọ iye oṣù tí ì bá lò bí kò bá gbà á."

Morádéún wá bèèrè èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn Olódì pé bí aláìsàn ìdánwò bá kú, wọ́n á yọ ẹ̀yà inú rẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sókè òkun.

"Wọ́n bèèrè," Ngozi wí. "Wọ́n ní ṣé mo máa jẹ́ kí àwọn yẹ àyà ẹ̀ wò. Mo kọ̀. Wọ́n gbé e fún mi ní odindi. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́, mo yẹ gbogbo ara ẹ̀ wò."

Nígbà tí a jáde, Morádéún dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin kó lè mí. "Wọ́n bèèrè, ó kọ̀, wọ́n sì gbọ́," ó wí, bí ẹni pé ó ń dá ara rẹ̀ lóhùn.

Ẹ má rò pé ó ti gbà nìyẹn. Ó padà lọ gba ìwé ìdánwò náà lọ́wọ́ Dókítà Diepreye, ó ní kó kà á fún òun ní Yorùbá, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì. Dókítà kà á. Morádéún ní kó fún òun ní ẹ̀dà kan mú lọ sílé. Ó gbé ẹ̀dà náà tọ Tíṣà Onoriode lọ, ọkùnrin Ùròbò tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ajégúnlẹ̀, ó ní kó tú u sí Yorùbá fún òun. Kò sọ fún un pé ẹnì kan ti tú u tẹ́lẹ̀. Èmi ló ní kí n fetí sílẹ̀ kí n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò ti bára mu.

Wọ́n bára mu títí dé ojú ìwé kejì. Níbẹ̀ ni Tíṣà ti kà á pé oògùn náà lè sọ ọkàn aláìsàn di aláìlágbára, pé ó lè pa á tó bá pọ̀ jù. Morádéún gbé ojú sókè. Dókítà ò ka ìyẹn.

Ọjọ́ Túsìdeè tó tẹ̀lé e, a ti dé ọ́fíìsì dókítà kó tó dé. Morádéún sọ fún un pé tíṣà kan ti ka ìwé náà fún òun, ó sì fi ìka tọ́ka sí ìlà náà.

"Ẹ fo èyí."

Dókítà Diepreye wò ó. Ojú tì í, mo rí i. "Mo fò ó lóòótọ́, mà. Mo bẹ̀rù pé ẹ̀rù á bà yín, ẹ ò sì ní gbà. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀."

"Kí ló tún kù tí ẹ fò?"

"Kò kù. Ẹ fún tíṣà yín kó tún un kà."

Morádéún wá bèèrè ẹni tó ń sanwó oògùn. Dókítà ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ni, àti pé bí oògùn náà bá ṣiṣẹ́, wọ́n á jèrè púpọ̀ lórí ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ó dà bíi pé ìdáhùn yẹn gan-an ló fi ọkàn Morádéún balẹ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹni tó bá sọ èrè rẹ̀ fúnni, ó kéré tán, èèyàn mọ ibi tó dúró sí.

Ó fọwọ́ sí ìwé, èmi náà fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Wọ́n gbé àpòòwé rẹ̀ wá. Kó tó jẹ́ kí wọ́n ṣí i, ó gbé e sókè síbi fèrèsé, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fi èékánná yẹ ibi tí wọ́n lẹ̀ wò. Nọ́ọ̀sì Oghogho tó wà nítòsí ṣe ṣìọ̀. Wọ́n ṣí i. Ó bọ́ sí apá àwọn tó máa gba abẹ́rẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni. Oògùn pupa náà á máa kán wọnú iṣan apá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èmi á jókòó tì í. Ó bì, irun rẹ̀ re, ó ń fi gèlè bo orí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Akínsànyà kì í tẹ̀ lé wa. Àmọ́ ó ti ń fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, lábẹ́ ẹ̀rọ omi, ibẹ̀ náà ló sì ń fi í sí. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, Morádéún náà ò bèèrè.

Ìgbà kẹrin ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì Oghogho gbé oògùn dé, ó ti ń fi sípírítì nu apá Morádéún. Morádéún wo ìgò náà. Ó fa apá rẹ̀ sẹ́yìn.

"Tèmi máa ń pupa. Èyí mọ́ bí omi."

"Ìyá, orúkọ yín ló wà lára ẹ̀. Kọ̀yà. Àbí ẹ̀ ń kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

"Ẹ bá mi pe dókítà."

"Dókítà wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ gbé apá yín wá."

"Ẹ ò ní gún mi títí mo fi máa rí dókítà."

Àwọn aláìsàn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í wò wá. Èmi gan-an, ojú ń tì mí, mo fẹ́ẹ́ sọ fún un pé kó gbà. Dókítà Diepreye dé, ó mú ìgò, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ó sì lọ taara síbi ibùsùn kan nítòsí ẹnu ọ̀nà. Kọ̀yà mìíràn ló wà níbẹ̀, arúgbó kan láti Ìjẹ̀bú tí àìsàn tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Oògùn tirẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ti fún àbúrò mi, mi ò mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀. Oògùn pupa sì ti wà lórí tábìlì arúgbó yẹn, ó ń dúró dè é.

Dókítà padà wá, ó tẹríba bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, bí ọmọ Yorùbá. "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ̀mí méjì lẹ gbà là lónìí." Láti ọjọ́ yẹn, wọn kì í gún ẹnikẹ́ni ní wọ́ọ̀dù náà láì jẹ́ kí onítọ̀hún fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ lódindi. Nọ́ọ̀sì Oghogho wá tọrọ àforíjì. Morádéún ní kò sí nǹkan, àmọ́ ó ṣì ń wo ìgò rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Omi àyà rẹ̀ dínkù. Oṣù mẹ́fà ló fi rìn fúnra rẹ̀. Ó lọ sí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ Túnbọ̀sún, ó jó díẹ̀, ó jókòó. Ní ìparí ọdún 1976, ìrora náà padà, àwòrán àyà rẹ̀ sì fi hàn pé nǹkan náà ti tàn kálẹ̀. Ó ní òun ò gba abẹ́rẹ́ mọ́.

Mo rò pé wọ́n á bínú. Òun náà rò bẹ́ẹ̀. Dókítà ní ó dáa, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó ní kó ṣì máa wá gba oògùn ìrora. Morádéún ò gbà á gbọ́. Ó mọ̀ọ́mọ̀ lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e láti wò ó bóyá wọ́n á lé òun. Wọn ò lé e. Wọ́n fa omi láyà rẹ̀, wọ́n fún un ní oògùn rẹ̀, Nọ́ọ̀sì Oghogho sì wá àga tó dára fún un.

Ó kú ní oṣù kẹta ọdún 1977, lórí ibùsùn rẹ̀ ní Olódì. Akínsànyà ló di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kó tó kú, ó ti pe ọkọ rẹ̀ sínú yàrá, ó ní, "Bàbá Túnbọ̀sún, mo ti wádìí. Ẹ ò mọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀." Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́. Akínsànyà sunkún bí ọmọdé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó lọ ya àwòrán àyà tirẹ̀. Wọ́n ní àpá wà nínú rẹ̀, àmọ́ kò sí jẹjẹrẹ, kó máa wá ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ó wá ránṣẹ́ pe Gregory. Èmi ni mo gbé omi fún wọn, ọ̀rọ̀ náà ṣojú mi.

"Lọ ya tìẹ náà," Akínsànyà sọ fún un.

Gregory mi orí. "Ìwé tó bá ti ibẹ̀ wá, ta ló máa rí i? Tí ọ̀gá bá rí i, wọ́n á ní n máa lọ sílé. Ọmọ márùn-ún ló wà nílẹ̀. Dókítà yẹn, ta ló mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mi ò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀," Akínsànyà wí. "Má gbà á gbọ́. Èmi náà ò tíì gbà á gbọ́ tán. Àmọ́ lọ bi í léèrè lójúkojú, kó o sì jẹ́ kí tíṣà ka ìwé fún ọ."

Gregory bi í pé ọjọ́ wo ni dókítà náà máa ń wà.

"Túsìdeè," ni Akínsànyà wí. "Ká wọ fẹ́rì aago méje."